Ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi mí ṣáá lórí DVD olówó pọ́ọ́kú

Mi ò kì í ta DVD o, mi ò sì ní ṣọ́ọ̀bù. Ti ilé wa ní Kubwa l'Ábújá ló bàjẹ́ léraléra títí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u, látìgbà yẹn làwọn ará àdúgbò, ará ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn ẹ̀gbọ́n nínú ẹgbẹ́ ìlú wa ti sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pè láago mẹ́wàá alẹ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, ó ti sú mi láti máa dá a lóhùn lórí fóònù, ni mo bá kọ gbogbo ẹ̀ síbí.

Gbogbo ayé ti wà lórí fóònù, ṣé èèyàn ṣì ń ra DVD?

Wọ́n ń rà á dáadáa. Ẹni tí dátà ẹ̀ kì í tán ò nílò ẹ̀, àmọ́ ẹ wo ilé tí ọmọ mẹ́ta wà lásìkò họ́lídè, tí wọ́n fẹ́ wo kàtúùnù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí dátà bàbá wọn, ibo lowó yẹn fẹ́ ti wá? Síìdì kan, ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn nǹkan míì tún wà tí ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá: fídíò ìgbéyàwó yín, òkú bàbá yín, ìkómọ àkọ́bí. Màmá mi tí wọ́n bá wá kí wa láti Ìlọrin, wọn ò fẹ́ gbọ́ YouTube sétí, báàgì síìdì wọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè kí wọ́n tó jókòó.

DVD, VCD, síìdì, ṣé nǹkan kan náà ni?

Lẹ́nu tiwa, síìdì ni gbogbo nǹkan róbótó tó ń dán, DVD sì ni ẹ̀rọ tá a ń kì í sí. Kò burú, a gbọ́ra wa yé. Àmọ́ síìdì ọ̀hún oríṣiríṣi ni. VCD ni èyí tó kéré jù, inú síìdì 700MB ni wọ́n ń kó o sí, kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ìdí nìyẹn táwọn fíìmù Yorùbá ayé ọjọ́un fi máa ń wà nínú síìdì méjì, ibi tọ́rọ̀ bá ti fẹ́ dùn gan-an ló máa ní kẹ́ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kẹ́ẹ ki ìkejì.

Síìdì DVD gba 4.7GB, èyí tó ní ìpele méjì gba 8.5GB. Àwòrán ẹ̀ náà mọ́ ju ti VCD lọ, tá a bá ka àmì tóótòòtó (pixel) tó para pọ̀ di àwòrán, 720 sí 576 ni ti DVD, 352 sí 288 ni ti VCD, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé VCD lórí TV ńlá máa ń dà bíi pé èèyàn ń wò ó látinú omi. Ẹ̀rọ DVD ń ka VCD, ẹ̀rọ VCD àtijọ́ ò lè ka DVD.

Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi, kí ni kí n máa wò lára èyí tí mo fẹ́ rà?

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò kẹ́ẹ tó wo iwájú. Ihò mẹ́ta tó jẹ́ pupa, funfun àti yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ihò HDMI tó ń gbé àwòrán àtohùn pa pọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ihò fláàṣì wà níwájú. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, èyí tó kù, ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí dẹ́rù bà yín. Tí wọ́n bá kọ "1080p" sí DVD, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ náà á fẹ àwòrán yẹn lójú kó tó gbé e jáde láti HDMI, síìdì yẹn ò ní ju 576 ẹ̀ lọ láé. "5.1" náà ò wúlò fẹ́ni tí ò ní spíkà mẹ́fà àti ẹ̀rọ tó máa gbé wọn. Tẹ́ẹ bá sì rí i pé wọ́n kọ PMPO (agbára ohùn tí wọ́n kàn ń fẹ́ lórí páálí) ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì sára home theatre kékeré, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ máa lọ.

Ní ti orúkọ, mo ti tú DVD olówó pọ́ọ́kú tí orúkọ ara wọn yàtọ̀ síra tí mo bá lẹ́ńsì kan náà nínú wọn. Lẹ́ńsì yẹn gan-an lẹ̀ ń fowó rà, òun ni ojú tí ẹ̀rọ fi ń ríran, ọjọ́ tó bá fọ́jú, ọjọ́ yẹn ni DVD kú.

Ohun kan tí kò sẹ́ni tó ń rò ni rìmóòtù. Iwájú DVD ìsinsìnyí, bọ́tìnnì mẹ́ta mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, setup, ìyẹn ibi tẹ́ẹ ti ń to ẹ̀rọ náà, ò sí lára ẹ̀ rárá. Tí rìmóòtù bá sọnù, ẹ ti há nìyẹn. Torí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá irú rìmóòtù yẹn wà lọ́jà lọ́tọ̀, tó bá ti ń wo òkè, ẹ mú òmíràn.

Ibo ni n ti máa rà á l'Ábújá?

Wuse Market, Banex, Emab, ẹ máa rí i níbẹ̀, àmọ́ àwọn pláásà yẹn, fóònù àti láptọ́ọ̀pù ló kún ibẹ̀ jù, DVD lè jẹ́ méjì mẹ́ta péré ní kọ̀rọ̀. Fún ẹni tówó ń wò, ọjà Nyanya, Mararaba àti Kubwa sàn jù. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Kano, Sabon Gari ni.

Ẹ má ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ẹ bèèrè ní mẹ́ta, ẹ fi "nawa ne" (èló ni) wọlé tẹ́ni tó ń tà bá ń gbọ́ Hausa, ara wọn máa ń yá sí yín. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sí, torí "mú un padà wá tó bá ṣe nǹkan" tí wọ́n bá fẹnu sọ, ẹnu náà ni wọ́n máa fi sẹ́ ẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọjà kan tí mi ò ní dárúkọ, ọjọ́ kẹta tí mo gbé e padà dé ibẹ̀, ọmọ tó tà á fún mi ní òun ò rí mi rí.

Báwo ni n ṣe máa dán an wò kí n tó sanwó?

Síìdì tiyín ni kẹ́ẹ mú lọ, ẹ má lo tiwọn. Síìdì tó ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tó ti kú ìlàjì pàápàá máa kà á, torí ó mọ́ bí ojú ìyàwó. Ẹ mú VCD kan, DVD gidi kan, èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ kan, kẹ́ẹ mú fláàṣì dání.

Kì í ṣe pé kí wọ́n kan fi orúkọ olóòtú fíìmù hàn yín kẹ́ẹ ní ó dáa o. Àárín ni lẹ́ńsì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka síìdì, á wá máa rìn lọ sí etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ńsì tó ti ń rẹ̀ máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹyẹ, ìgbẹ̀yìn ló máa ń mú u. Torí náà ẹ fi rìmóòtù fò lọ sí ìparí fíìmù, ẹ jẹ́ kó máa ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀. Tó bá ń dúró, tó ń já, tí àwòrán ń pín sí wẹ́wẹ́ bíi táìlì, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ tún ṣí àwo ẹ̀ kẹ́ẹ pa á dé bí ìgbà mẹ́fà, kẹ́ẹ sì fetí sí i: kò yẹ kó máa han bí ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù lè máa mí kanlẹ̀ pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó máa mí.

Kí n ra tuntun àbí tòkúnbọ̀?

Tòkúnbọ̀ tó ti Yúróòpù tàbí Japan wá máa ń lágbára, ara ẹ̀ wúwo, irin ni. Àmọ́ lẹ́ńsì ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹlòmíì fọ́dún gbọọrọ, ẹ̀yin ò sì mọ iye tó kù nínú ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa kẹ́ẹ tó ki wáyà. Tí wọ́n bá kọ "100-240V" síbẹ̀, kò séwu. Tó bá jẹ́ "120V" nìkan, Amẹ́ríkà ló ti wá, tó bá jẹ́ "100V" nìkan, Japan ló ti wá, iná tiwa 230V sì máa jó o lójú ẹsẹ̀, ẹ máa gbọ́ "pọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èéfín á tẹ̀lé e. Wọ́n á ní kẹ́ẹ lọ ra tránsífọ́mà, owó tránsífọ́mà yẹn pẹ̀lú DVD náà ti fẹ́ẹ̀ tó owó tuntun. Ní tèmi, ẹ ra tuntun.

Wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò, èwo ni èwo?

Yẹ́lò ni àwòrán. Pupa àti funfun ni ohùn, pupa fún ọ̀tún, funfun fún òsì. Àwọ̀ sí àwọ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé lára DVD, ihò tí wọ́n kọ OUT sí ni, lára TV, ihò tí wọ́n kọ IN sí ni. Àwọn TV kan ní OUT náà, tẹ́ẹ bá kì í síbẹ̀ ẹ lè jókòó dọ̀la. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Source tàbí Input lórí rìmóòtù TV, kẹ́ẹ yan AV, orúkọ àwọn ihò aláwọ̀ mẹ́ta yẹn nìyẹn.

Tẹ́ẹ bá rí ihò aláwọ̀ ewé lára TV tí wọ́n kọ Video sí lábẹ́, tí yẹ́lò ò sì sí, inú ewé yẹn ni kẹ́ẹ ki yẹ́lò sí. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀ ni.

TV tuntun mi ò ní ihò yẹ́lò rárá ńkọ́?

Tí DVD yín bá ní HDMI, ọ̀rọ̀ tán, wáyà kan ló máa gbé àwòrán àtohùn, ó sì tún máa mọ́ ju AV lọ. Tí ò bá ní, ẹ wo ẹ̀yìn TV yẹn fún ihò kékeré bíi ti éàfóònù tí wọ́n kọ AV IN sí, wáyà kúkurú kan máa ń bá irú TV bẹ́ẹ̀ wá nínú páálí, tó ní ihò mẹ́ta lẹ́nu kan àti ẹnu kékeré lẹ́nu kejì. Àwọn èèyàn ti dà á nù pẹ̀lú páálí kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn máa nílò ẹ̀.

Tí ìyẹn náà ò bá sí, ẹ ra kónfátà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, méjì ló wà, wọ́n sì jọra bí ìbejì: ọ̀kan ń yí AV sí HDMI, ọ̀kan ń yí HDMI sí AV, kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ èkejì ẹ̀. DVD àtijọ́ sí TV tuntun, "AV to HDMI" lẹ ń wá. Ẹ kà á lára ẹ̀ fúnra yín, ẹ má fi sílẹ̀ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù.

Àwòrán ń jáde dúdú-òun-funfun, àbí ó ń yí gbiri, kí ló fà á?

PAL àti NTSC, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà gbé àwòrán sórí TV, ló ń jà. PAL la ń lò ní Nàìjíríà, NTSC ni ti Amẹ́ríkà àti Japan. Ẹ wo rìmóòtù DVD yín, púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ N/P sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró, ẹ tún un tẹ̀. Tí ò bá sí, ẹ wọ setup, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ TV System tàbí TV Type sí, kẹ́ẹ fi sí PAL tàbí Auto.

Àwòrán ti lọ pátápátá, ohùn nìkan ló kù, àná ló ṣì ń ṣe dáadáa!

Ẹ bi àwọn ọmọ. Kò sí ìbéèrè tí wọ́n fi ń pè mí tó èyí, ìdáhùn ẹ̀ kì í sì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹnì kan ti tẹ P-SCAN tàbí V-MODE lórí rìmóòtù. Bọ́tìnnì yẹn máa ń sọ fún DVD pé kó gbé àwòrán gba ihò mìíràn, àwọn mẹ́ta tó jẹ́ pupa, ewé àti búlúù, ihò yẹ́lò tiyín á wá ṣófo, tàbí kí àwòrán dàrú bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ má kánjú, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹ tún un tẹ̀. Ó máa yí ká gbogbo ihò tó wà, ibi tó bá kan yẹ́lò, àwòrán á yọ.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Lugbe ti gbé tiwọn fún rípíárà nítorí èyí, ó gbowó lẹ́ńsì tuntun lọ́wọ́ wọn. Lẹ́ńsì! Fún bọ́tìnnì rìmóòtù!

Ohùn ò jáde, tàbí orin àti ọ̀rọ̀ ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Tó bá jẹ́ VCD, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ya ohùn sí méjì, kí orin nìkan wà lápá òsì, kí ohùn akọrin wà lápá ọ̀tún, torí àwọn tó fẹ́ kọrin tẹ̀lé e. Fíìmù kan tiẹ̀ wà tí èdè méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá máa sọ ọ́ pọ̀ bí ìpàdé onílé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì L/R tàbí AUDIO títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ ṣe fẹ́.

Tó bá jẹ́ HDMI ni ò mú ohùn jáde, ẹ wọ setup, ẹ lọ sí Audio tàbí Digital Output, tó bá wà ní RAW tàbí Bitstream, ẹ yí i sí PCM.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn inú fíìmù fi sanra?

4:3 ni fíìmù yẹn, ìyẹn ni pé kò fẹ̀ púpọ̀, 16:9 ni TV yín, ó fẹ̀ jù ú lọ, ni TV bá fà á gbòòrò. Inú setup DVD, TV Shape tàbí Aspect Ratio, ẹ yan Pillar Box, tàbí kẹ́ẹ yan 4:3 lórí TV fúnra ẹ̀. Ìlà dúdú á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ojú oníkálukú á sì padà sí bó ṣe wà.

Ó ń kọ "No Disc" tàbí "Bad Disc", ṣé ó ti kú nìyẹn?

Ẹ má tíì sunkún. Ẹ gbìyànjú síìdì mẹ́ta míì. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló kọ̀, síìdì ló ní wàhálà. Tó bá kọ gbogbo ẹ̀, eruku lè ti bo lẹ́ńsì.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni kó máa ka VCD kó wá kọ DVD, tàbí kó jẹ́ òdìkejì. Iná méjì ló wà nínú orí kan yẹn, ìgbì ìmọ́lẹ̀ èyí tó ń ka CD àti VCD gùn tó 780 nanometer, ti DVD jẹ́ 650. Ọ̀kan lè kú kí èkejì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tó bá ti rí báyìí, tẹ́ẹ nù ún títí tó ṣì kọ̀, orí lẹ́ńsì tuntun ló kù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń nu síìdì àti lẹ́ńsì?

Síìdì: aṣọ rírọ̀ tó mọ́, ẹ fi omi díẹ̀ tàbí ọṣẹ fífúyẹ́ sí i, láti àárín lọ sí etí ni kẹ́ẹ máa nù ún, gígùn, bí ẹni ń ya ìtànṣán oòrùn. Ẹ má yí i po. Bí nǹkan bá ha á yí po, ìlà yẹn máa tẹ̀lé ipa ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń kà, ó máa pa ọ̀pọ̀ nǹkan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ èyí tó dá a kọjá lágbedeméjì, ẹ̀rọ máa ń fò ó.

Ẹ̀yìn tí wọ́n ya àwòrán sí gan-an ni kẹ́ẹ ṣọ́ jù tó bá jẹ́ VCD, torí abẹ́ àwòrán yẹn ni fíìmù wà, èékánná lásán lè ha á kúrò. Ti DVD wà láàárín ike méjì, ó sàn díẹ̀.

Lẹ́ńsì: ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú síkúrù òkè, ẹ máa rí ojú kékeré kan tó ń dán bí ẹyin ẹja. Ẹ mú òwú orí igi tẹ́ẹ fi ń ro etí, ẹ kán sípíríìtì sí i, kó tutù ni, kó má kán sílẹ̀, ẹ fi nù ún wẹ́rẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Epo bẹntiróò kọ́ o, kẹrosíìnì kọ́, pọfúùmù kọ́. Ẹ má sì tan iná sí i lásìkò tó wà ní ṣíṣí kẹ́ẹ máa yọjú wo lẹ́ńsì, iná inú ẹ̀ ò dáa fún ojú èèyàn.

Lásìkò ọyẹ́, kí ni kí n ṣe?

Eruku apá òkè yìí kì í ṣe eruku Ìbàdàn. Láti bíi November títí dé February, ẹ nu tábìlì láàárọ̀, ẹ lè fìka kọ orúkọ yín sí i nírọ̀lẹ́. Ó sì ń wọ inú DVD láti àwọn ihò tí ooru ń gbà jáde.

Ẹ fi aṣọ bò ó tẹ́ẹ ò bá lò ó, kẹ́ẹ ṣí aṣọ kúrò pátápátá kẹ́ẹ tó tàn án, torí ooru ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi àwo ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Aáyán náà fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti tú ti aládùúgbò wa kan rí, ìdílé aáyán kan, ìyá, bàbá àtẹyin, wọ́n ti kọ́lé sórí bọ́ọ̀dù iná.

NEPA, jẹ́ń àti íńvátà, èwo ló léwu fún un?

DVD ò jẹ iná, ọ̀pọ̀ wọn ò ju wọ́ọ̀tì 10 sí 25 lọ, íńvátà kékeré máa gbé e títí. Ohun tó ń pa á ni iná tó dé pẹ̀lú ìbínú. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bọ́tìnnì iwájú, iná pupa kékeré tẹ́ẹ ń rí yẹn, iná ṣì wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá mú un dé, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá ná.

Ní ti jẹ́ń kékeré, ẹ tan jẹ́ń, kí ìró ẹ̀ dọ́gba kẹ́ẹ tó ki DVD. Tí epo bá fẹ́ tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ẹ sáré yọ ọ́. Tí àrá bá ń sán, ẹ yọ wáyà iná pẹ̀lú wáyà tó so ó mọ́ TV.

Fláàṣì mi ń ṣe lórí fóònù, DVD ò kà á

Ẹ wo fọ́máàtì fláàṣì yẹn, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi to nǹkan sínú ẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, FAT32 ni ọ̀pọ̀ DVD gbọ́, wọn ò mọ NTFS tàbí exFAT. FAT32 ò sì gba fáìlì kan ṣoṣo tó ju 4GB lọ. Ẹ lo fláàṣì 32GB tàbí èyí tó kéré sí i, wàhálà ẹ̀ kéré.

Tó bá ka fláàṣì ṣùgbọ́n tó kọ fíìmù, fíìmù yẹn ló le jù fún un. MP3 kò níṣòro, wàásù àti kéwú yín á ṣe. Àmọ́ fídíò tó ti WhatsApp tàbí íntánẹ́ẹ̀tì wá, MP4 tàbí MKV ni, púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ò lágbára ẹ̀. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yí i sí AVI tó jẹ́ Xvid, tàbí MPEG, kẹ́ẹ má jẹ́ kó ju 720 sí 576 lọ.

Àti nǹkan kékeré kan: tẹ́ẹ bá fi àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ sí orúkọ fáìlì, DVD á kọ ọ́ bí ẹni ń ṣépè. Orúkọ lásán ni kẹ́ẹ kọ.

Síìdì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà kọ "Wrong Region"

Àwọn tó ń ṣe fíìmù pín ayé sí apá apá, apá yẹn ni wọ́n ń pè ní region. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni 1, Yúróòpù, Japan àti South Africa ni 2, àwa ní Nàìjíríà wà ní 5. Ẹ̀rọ tó wà fún 5 nìkan ò ní ka ti 1. Orí ló yọ wá pé púpọ̀ nínú DVD olówó pọ́ọ́kú ò ka nǹkan yẹn sí, ẹ wá àmì kékeré tí wọ́n ya bí ayé lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n bá kọ ALL sínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń kà. Èyí tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà kọ nílé, fídíò ẹbí bẹ́ẹ̀, kì í ní region rárá, tó bá kọ ìyẹn, ẹ wá nǹkan míì.

DVD ìgbéyàwó wa ò ṣí mọ́, kí la máa ṣe?

Èyí ló máa ń dùn mí jù. Síìdì tí kámẹ́ràmáànù fún yín kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ nílé iṣẹ́, aró ni wọ́n fi kọ ọ́, aró yẹn sì ń ṣá tí oòrùn àti ooru bá ń pa á. Ẹ fi sílẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò l'Ábújá nínú oṣù March, ẹ wo ohun tó kù.

Tí kò bá tíì ṣí rárá látọjọ́ tí wọ́n gbé e fún yín, ó lè jẹ́ pé kámẹ́ràmáànù ò "finalize" ẹ̀, ìyẹn ni pé kò parí kíkọ ẹ̀ kó sì tì í pa. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó kọ ọ́ nìkan ló máa kà á. Ẹ gbé e padà fún un. Tó bá ṣí nígbà kan rí, ẹ gbìyànjú ẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tó ní ibi síìdì, àti nínú DVD ẹlòmíì, torí lẹ́ńsì kan máa ń rí ohun tí èkejì ò rí. Ibi tó bá ti ṣí, ẹ da gbogbo ẹ̀ kọ sórí fláàṣì méjì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sọ pé ó di Sátidé.

Ṣé DVD mi lè ka Blu-ray?

Kò lè kà á. Iná búlúù 405 nanometer ló ń ka ìyẹn. Ẹ̀rọ Blu-ray ń ka DVD, DVD ò ka Blu-ray.

Àwo ẹ̀ ti há, síìdì wà nínú

Ẹ má fi ọ̀bẹ fà á. Ẹ yọ iná, ẹ ṣí òkè, ẹ máa rí jíà oníke kan níwájú, ẹ fìka yí i, àwo á jáde. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà tín-ín-rín tó so mọ́tò mọ́ jíà yẹn ló máa ń dẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ sè é sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sún kì, ó lè gbé yín fún oṣù mélòó kan. Rọ́bà tuntun ò wọ́n, owó púpúrú ni.

Rípíárà ní kí n pààrọ̀ lẹ́ńsì, kí n ṣe é àbí kí n ra òmíràn?

Ẹ bèèrè iye lẹ́ńsì pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́, kẹ́ẹ wá bèèrè iye tuntun lọ́jà. Tó bá ti ju ìdajì lọ, ẹ ra tuntun. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù iná ló jó, ó ṣeé pààrọ̀, owó ẹ̀ kì í tó ti lẹ́ńsì. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù ńlá, ẹ fi sílẹ̀.

Tẹ́ẹ bá gbà kó pààrọ̀ lẹ́ńsì, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó ya ike tuntun lójú yín, kẹ́ẹ sì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ sílé. Kì í ṣe pé ẹ nílò ẹ̀, kó má baà fi tiyín ṣe tẹlòmíì ni. Ẹ tọ́jú rìmóòtù àti wáyà ti àtijọ́ náà, wọ́n máa ń bá òmíràn mu.